Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ilé Ẹjọ́ àti ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ojú ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, ní agbègbè odò Ọ̀wẹnà, ni ìlú tí ń jẹ́ orúkọ odò náà wà ní ilẹ̀ Ìdànrè. Iṣẹ́ kòkó ni ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí agbègbè yìí. Àwọn ọmọ Ìdànrè ni onílẹ̀; ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ láti ìlú Yorùbá mìíràn, àti àwọn tí kì í ṣe Yorùbá rárá, ti bá wọn dá oko níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ibi tí kòkó bá wà, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í jìnnà sí i. Igi kòkó lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Nígbà tí ẹni tí ó gba ilẹ̀ àti ẹni tí ó fún un bá kú tán, àwọn ọmọ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tí àwọn baba wọn bá ara wọn sọ.

Èdè Yorùbá ni àwọn baba wọ̀nyí sábà fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá ju agbára olórí ẹbí àti olóyè lọ, tí ó sì dé ilé ẹjọ́ gíga, èdè mìíràn ni a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀; òun náà ni àwọn agbẹjọ́rò yóò fi jiyàn lé e lórí, òun náà ni adájọ́ yóò sì fi dá a. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan ní ilé ẹjọ́ àti ní ibi tí a gbé ń ṣe òfin ní ilẹ̀ Yorùbá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dáhùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ iyì èdè nìkan ni. Ìtàn fi hàn pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà: ta ni ó ni ín, ta ni ó lè kà á, ọ̀rọ̀ ẹnu ta ni ó sì wà nínú rẹ̀?

Ẹjọ́ kí òyìnbó tó dé

Lórí Òkè Ìdànrè, níbi tí àwọn ará ìlú náà gbé títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ òkè, ààfin àtijọ́ ṣì wà, ilé ẹjọ́ àtijọ́ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Méjèèjì wà lára ohun tí a tò sílẹ̀ ní 2007, nígbà tí Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí a lè kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, iwájú ọba ni ẹjọ́ ń parí sí. Baálé a kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní agboolé. Bí kò bá tán níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò. Bí kò bá tún tán, ó di ààfin, níwájú ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá: olùpẹ̀jọ́ a rojọ́ tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ a rojọ́ tirẹ̀, ẹlẹ́rìí a sì sọ ohun tí ó mọ̀. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá a gbọ́ ohun tí a sọ, a sì mọ ìdí tí a fi dá ẹjọ́ náà bí a ti dá a.

Ètò yìí ní àbùkù tirẹ̀. Kò sí ìwé. Bí àwọn àgbà tí ó gbọ́ ẹjọ́ bá ti kú, ẹ̀rí a máa bá wọn lọ. Alágbára sì lè fi agbára yí ẹjọ́ po. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí a dá lẹ́jọ́ ní ìlú rẹ̀ ní èdè tí kò gbọ́.

Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọlé

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, 1861, Ọba Dòsùmú ti Èkó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó fi Èkó sí abẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Prometheus ti wà nítòsí, kì í sì í ṣe eré ni ó bá wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà. Àmì lásán ni ọba fà sí i. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí ó fi lélẹ̀ gan-an. Àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀, ní ilẹ̀ Èkó kì í ṣe ti ọba tí yóò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ìwé òyìnbó kó ìjọba ìlú àti ilẹ̀ ìlú pọ̀ sínú gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ẹni tí ó jọba àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ kì í ṣe ẹnìkan náà.

Ó tọ́ kí a rántí pé èdè méjì kì í fi ìgbà gbogbo bí ìjà. Nígbà tí ogun Kírìjí láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì-Parapọ̀ ti gbó, àlùfáà Yorùbá méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ Gómìnà Èkó lọ sí ibùdó ogun, tí wọ́n sì ń gbé èsì padà wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé àlàáfíà ti ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, 1886. Àwọn ológun kò lè kà á, ṣùgbọ́n àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dé ìjìnlẹ̀, tí tọ̀tún-tòsì sì fọkàn tán. Níbi tí irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà, ọ̀rọ̀ a máa dé ibi tí a rán an.

Ní àkókò kan náà, ilé ẹjọ́ òyìnbó ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Òfin ilé ẹjọ́ ti 1876 mú òfin Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí adájọ́ máa tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ìbílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àṣà náà kò bá tako ẹ̀tọ́ àti òtítọ́. Báyìí ni àṣà Yorùbá ṣe wọ ilé ẹjọ́, tí èdè Yorùbá sì dúró sí ìta. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan pé kí ẹnìkan máa túmọ̀ àṣà náà fún adájọ́, ní èdè tí a kò dá àṣà náà sílẹ̀ fún.

Ní òkè ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Lẹ́yìn ìdàpọ̀ 1914, Lugard fi ẹsẹ̀ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ múlẹ̀, àwọn ọba àti olóyè ni ó ń jókòó níbẹ̀, a kò sì gba agbẹjọ́rò láàyè láti wọ inú rẹ̀. Èdè ìlú ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní àṣẹ láti yẹ ìdájọ́ wọn wò, kí ó sì yí i padà. Nítorí náà, akọ̀wé kóòtù, tí ó jẹ́ ọmọdé láàrin àwọn àgbà, di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, nítorí pé òun nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Àtúnṣe 1933 àti òfin kóòtù ìbílẹ̀ tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1957 yí ètò náà padà lọ́nà púpọ̀. Títí di òní, ní kóòtù ìbílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, ará oko lè fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́, kí ó sì gbọ́ èsì. Bí ẹjọ́ bá kúrò níbẹ̀ lọ sí òkè ni ó ń wọ inú èdè mìíràn.

Ẹjọ́ Olóyè Olúwa

Kò sí ẹjọ́ tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ju ti Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, lọ. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú ní 1913. Olúwa, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, béèrè owó ilẹ̀ náà ní orúkọ ẹbí àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó dáhùn pé ẹ̀tọ́ alákòóso lásán ni olóyè náà ní, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ìwọ̀nba owó díẹ̀ ni ó tọ́ sí i. Olúwa gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun lọ sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀.

Ní 1921, Olúwa jàre. Adájọ́ tí ó sọ̀rọ̀ ní orúkọ Ìgbìmọ̀ náà, Viscount Haldane, ṣe ìkìlọ̀ kan tí àwọn amòfin ń tọ́ka sí títí di òní. Ó ní ìdẹwò wà fún adájọ́ láti fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan mu túmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀, pé ó sì yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi fún un. Òyìnbó, ní ilé ẹjọ́ òyìnbó, ni ó sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó kò tó láti gbé ohun tí Yorùbá ní lọ́kàn. Ìdí tí a sì fi rí òtítọ́ ni pé ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, tí ó sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè gbé, jókòó ti olóyè náà. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó ní Macaulay.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 1962, nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé lórí ogún olóògbé kan tí ó ní ìyàwó púpọ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni bóyá ìdí igi ni a ó fi pín ogún náà, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ọba ní ìdí igi ni àṣà tí ó borí. Nínú ìwé ìdájọ́ náà, èdè Yorùbá ni a fi kọ ọ̀rọ̀ ìdí igi, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Bákan náà ni ìṣákọ́lẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti jẹ́rìí pé ibì kan wà tí wọn kò lè dé láìyá ọ̀rọ̀ Yorùbá lò.

Ní ìgbìmọ̀ aṣòfin

Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí òfin Gómìnà Clifford dá sílẹ̀ ní 1922 ni ó kọ́kọ́ ní àwọn tí ará ìlú dìbò yàn, mẹ́ta láti Èkó àti ẹnìkan láti Kàlàbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè rẹ̀. Nígbà tí òfin 1954 sọ Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè ilé aṣòfin àpapọ̀ àti ti Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn; ṣùgbọ́n ní Àríwá, Gẹ̀ẹ́sì àti Háúsá jọ wà ni. Nítorí náà kò tọ̀nà láti sọ pé ètò ìṣèlú kò lè gba èdè méjì: ní orílẹ̀-èdè kan náà, lábẹ́ òfin kan náà, ó gbà á ní apá kan, a kò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní apá kejì.

Òfin 1979 ni ó kọ́kọ́ sọ pé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ lè lo Háúsá, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a bá ti ṣe ètò tí ó tó. Òfin 1999 tún un sọ ní ẹsẹ̀ 55. Ní ẹsẹ̀ 97, ó fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fẹnu kò sí i. Ọdún ti gorí ọdún, "nígbà tí a bá ti ṣe ètò" kò tí ì dé ní Àbújá.

Ní Èkó, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ní oṣù kejìlá 1999, àwọn aṣòfin kọ̀ ọ́; wọ́n ní oríṣiríṣi ènìyàn ni ó ń gbé Èkó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ilé náà fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ìjókòó ní èdè Yorùbá, ní 2018 sì ni ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin fún ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá. Ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kò tó, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilé kò wó nígbà tí a sọ Yorùbá nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn tí ó ń sọ pé òfin kò lè sọ èdè ará oko yóò jàǹfààní bí wọ́n bá ka ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun wọn ní 1066, èdè Faransé di èdè àwọn alágbára àti ti ilé ẹjọ́, Látìnì sì jẹ́ èdè ìwé. Ní 1362, ní ayé Ọba Edward Kẹta, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin pé kí a máa rojọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí a pè lẹ́jọ́ kò mọ ohun tí a ń sọ fún wọn tàbí sí wọn. Síbẹ̀, wọ́n ní kí a máa kọ àkọsílẹ̀ ní Látìnì. Àwọn agbẹjọ́rò kò sì tètè fi Faransé wọn sílẹ̀. Òfin 1731, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1733, ni ó tó sọ àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ di Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Láàrin kí ẹnu tó gba òmìnira àti kí ìwé tó gbà á, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún àti àádọ́ta ọdún.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà sì fi òfin mú àwọn ará Wales ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ilé ẹjọ́ wọn máa sọ. 1942 ni òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè náà, tí ti 1967 sì tú u sí i. Ní Áfíríkà, Tanzania ṣe òfin ní 2021 tí ó fi Kiswahili ṣe èdè ilé ẹjọ́. Ní ti àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, Faransé ni èdè ìjọba ń bá wọn sọ: ààlà tí òyìnbó fà ni ó pinnu èdè àjèjì tí ọmọ Odùduwà yóò bá pàdé ní kóòtù.

Bí ó ti rí lónìí

Òfin 1999, ní ẹsẹ̀ 36, sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn náà ní èdè tí ó gbọ́, pé bí kò bá sì gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, a ó fún un ní ògbufọ̀ láìgba owó. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ọ̀daràn ni ẹsẹ̀ náà ń sọ. Kò dárúkọ ẹni tí ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti ogún. Ní 2001, nínú ẹjọ́ Ojengbede àti Esan, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè àwọn ilé ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà. Ìwé tí a bá kọ ní èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kí ó tún jẹ́ adájọ́. Ọgbọ́n wà nínú ìdájọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tẹ̀lé e ni pé adájọ́ Yorùbá, láàrin agbẹjọ́rò Yorùbá, níwájú ẹlẹ́rìí Yorùbá, gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kí a wá mú àpẹẹrẹ kan láti oko kòkó ní Ọ̀wẹnà. Àgbà kan dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó ní, "Bàbá mi fún wọn nílẹ̀ náà dá." Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ *dá* tí ó gbẹ̀yìn ni ó di ẹjọ́ náà mú: a fún wọn láti fi dáko ni, a kò ta á, a kò sì fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bí ògbufọ̀ bá ń kánjú, tí ó sì túmọ̀ ìdajì, ohun tí adájọ́ yóò kọ ni pé bàbá ẹlẹ́rìí fún wọn ní ilẹ̀. Bàbá náà sì lè jẹ́ àbúrò ẹni tí ó bí i, nítorí pé Yorùbá ń pe àwọn méjèèjì ní bàbá. Níbi tí a gbé ń jà lórí ogún, ọ̀nà méjèèjì kò jọ ara wọn. Bí a bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn adájọ́ òkè kì í gbọ́ ohùn àgbà náà mọ́. Ìwé nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹyin ni ohùn. Èyí tí ó fọ́ lẹ́nu ògbufọ̀ kò ṣé kó mọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Àbújá.

Ìdáhùn

Àwọn tí ó fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan ní ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwé òfin àti ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn wá láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Ọ̀wẹnà pàápàá, kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó jẹ́ Yorùbá. Bí a bá sọ Yorùbá nìkan di dandan, ìyà tí ó ń jẹ ọmọ Ìdànrè lónìí ni yóò jẹ ẹlòmíràn lọ́la. Ẹ̀ka èdè Ìdànrè fúnra rẹ̀ sì yàtọ̀ sí Yorùbá inú ìwé; ògbufọ̀ tí ó dàgbà ní Ọ̀yọ́ lè má gbọ́ ọ tán.

Ṣùgbọ́n àwíjàre kan wà tí kò dúró mọ́: pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ òfin. Àwọn onímọ̀ èdè ti pàdé lórí rẹ̀, a sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ aṣòfin ní Gẹ̀ẹ́sì, Háúsá, Ìgbò àti Yorùbá jáde ní 1991. Irinṣẹ́ ti wà; àwọn tí yóò lò ó ni a ń retí.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn fi lélẹ̀ láti ọjọ́ Dòsùmú ni pé ewu náà kò sí nínú kí Gẹ̀ẹ́sì wà, bí kò ṣe nínú kí ó dá nìkan wà. Kí Gẹ̀ẹ́sì máa jẹ́ èdè tí àwọn ilé ẹjọ́ òkè fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́rìí, bí ó ti sọ ọ́ gan-an, ní èdè yòówù kí ó jẹ́, wà nínú àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lè padà lọ wò ó. Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Kí ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ kan ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ogún. Kí iṣẹ́ ògbufọ̀ di iṣẹ́ tí a ń kọ́, tí a sì ń dánilẹ́kọ̀ọ́ fún ní àwọn yunifásítì tí ó ti ń kọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Kí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì lo àṣẹ tí ẹsẹ̀ 97 ti fi lé wọn lọ́wọ́, nítorí pé ará ìlú tí kò gbọ́ òfin nígbà tí a ń ṣe é ni yóò dúró níwájú òfin náà nígbà tí ó bá rú u.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lo ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ láàrin 1362 àti 1733 kí wọ́n tó gba àkọsílẹ̀ wọn padà lọ́wọ́ Látìnì. Yorùbá kò ní láti dúró tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ìdí láti lé èdè kankan jáde kí tirẹ̀ tó wọlé. Ìjókòó kan ṣoṣo ni a nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí a fi ń dá ẹjọ́ ọmọ Yorùbá.